Aṣọ Tí Kò Ya

Ẹ yé pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi orúkọ mi, Gbénró, pe ilé ìkọ́ṣẹ́ yìí láti òní lọ. Àìsàn tó ń bá mi fínra kò ní jẹ́ kí n pẹ́ láàárín yín mọ́, nítorí náà, òní ni òtítọ́ máa jáde. Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa lé e bá. Tèmi lo ọdún mọ́kànlá.

Ẹ wo apá ọkọ̀ òfuurufú kékeré, irú èyí tí a ń fi igi àti aṣọ ṣe níbí, tí mo gbé kọ́ sára ògiri yẹn. Gbogbo ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ ni mo ń fi hàn: "Ohun tí aṣọ òkìrìkà máa ń fà nìyẹn." Irọ́ gbuu ni! Preye tó jókòó síwájú yìí ló fi aṣọ bò ó. Télọ̀ ni ní àdúgbò Boundary, èmi sì jẹ́ káfíńtà tó ń kan àpótí ẹrù ní Wharf Road. Èmi ń gbẹ́ egungun ọkọ̀, òun ń bò ó. Ojú rẹ̀ mọ aṣọ. Lọ́jọ́ kan mo nawọ́ sí aṣọ dídán kan lọ́jà òkìrìkà, ó rẹ́rìn-ín: "Bọ̀ọ̀dá, that one go heavy. Ẹ mú síkáàfù ṣẹ́dà yìí. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ ó rí i." Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fò kúrò lọ́wọ́ mi. Àlejò tó bá wọlé, "Ta ló bò ó?" ló máa béèrè. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó gbẹ́ igi, ìyẹn sì ń dùn mí wọra.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Warehouse Road fẹ́ dá ilé yìí sílẹ̀, ọ̀gá kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní kí èmi àti Preye mú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wá. Èmi náà ni mo gbẹ́ egungun tirẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa: bí a bá kun oje tó ń mú aṣọ le sórí aṣọ, ó máa ń fà bó ṣe ń gbẹ, ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ́ apá sórí pákó, tí a ń gbé nǹkan wúwo lé e kó má baà lọ́. Preye tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wò ó o." Mo wò ó lóòótọ́! Mo gbé ẹrù orí rẹ̀ kúrò, mo ki páálí ìṣáná sábẹ́ etí rẹ̀ kan. Èmi ìkà! Nígbà tó gbẹ, apá náà ti lọ́; mo yọ páálí, mo dá ẹrù padà kó tó dé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọkọ̀ rẹ̀ gbéra, ó yí, ó forí sọlẹ̀. Ó gbé apá tó ṣẹ́ wá bá mi: "Bọ̀ọ̀dá, e don bend. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ kúkú wà níbẹ̀." Mo wojú rẹ̀, mo pariwo kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Aṣọ òkìrìkà ni. Mo sọ fún un, kò gbọ́." Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n gbà mí síṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, Preye ò fi aṣọ bo ọkọ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ọbẹ̀ ẹja wá kí mi, ó sì kúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ forí jì mí. I spoil your work. Bóyá mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn." Èmi ló ń bẹ̀! 

Inú ń bí mi sí ẹ̀yin náà. Ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń wo apá yẹn, ẹ ò rí i pé igi ló ṣẹ́, igi tí èmi gbẹ́. Aṣọ kò ya níbì kankan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀gá bá ń fi àbùkù ẹlòmíì hàn yín, ẹ fọwọ́ kàn án wò kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ẹ yọ orúkọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Preye, àbúrò mi, mi ò lẹ́nu ẹ̀bẹ̀, síbẹ̀ mò ń bẹ̀ ọ́. Dìde, lọ sọ apá ọkọ̀ rẹ kalẹ̀ lára ògiri, kí o sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.