Wáyà Okùn Mẹ́jọ

Ní ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò fóònù ní Àgbádárìgì, ìyá kan láti Ajido ju páálí íápíìsì olówó gọbọi sórí káńtà, ó sì fi Yorùbá tó ní ohùn Ègùn nínú kò ọkùnrin tó tà á fún un lójú.

"Wáyà ọmọ mi dà?"

"Màmá, òun ló wà nínú páálí yẹn. Wáyà kan náà ni gbogbo wọn."

"Irọ́! Wo àwòrán ara páálí. Okùn mẹ́jọ ni wọ́n hun pọ̀, mẹ́rin ni mo kà nínú èyí."

"Ẹ̀yin náà! Ta ló ń ka okùn wáyà?"

"Èmi tí mò ń hun àwọ̀n láti kékeré! Ṣé èmi lo fẹ́ fi okùn tàn jẹ? Lọ́jọ́ Ìsinmi lọmọ mi máa fi í sétí kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá ti mirí báyìí, ariwo wáyà rẹ ló ń gbọ́, kò gbọ́ dùrù mọ́. Rọ́bà tó ń wọ inú etí ńkọ́? Oríṣi mẹ́ta ló wà nínú àwòrán, ẹyọ kan lo fún mi."

Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ má pariwo. Ẹ jẹ́ kí n wo abẹ́ káńtà."

"Abẹ́ káńtà? Ìwọ tó o ní wáyà kan náà ni gbogbo wọn, kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀?"