Ọwọ́ Mi Ló Dá Ẹ̀rọ Dúró

Ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó dá sí i, torí bí mo bá sinmi, ẹ̀rù á tún bà mí. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi fi sùn láti ọdún tó kọjá. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń pa àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn mọ́ nílé ìwòsàn yìí. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ sí i, inú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń bọ́ sí; ẹ̀rọ á wá máa rọra kó o lọ sí àká rẹ̀ gan-an. Èèyàn lè fipá mú un kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣẹ́kípọ́ìǹtì là ń pè é. A máa ń ṣe é ká tó pa ẹ̀rọ, kó lè tètè jí, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí àwọn aláìsàn bá lọ tán.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí, bọ́ọ̀lù wà, mo sì fẹ́ tètè délé. Èrò ṣì kún gbọ̀ngán nígbà tí mo pàṣẹ ṣẹ́kípọ́ìǹtì náà fún ẹ̀rọ. Mo kúkú gbọ́n lójú ara mi. Dísìkì, ibi tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan pa mọ́ sí, há, gbogbo kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Ìyá kan gbé ọmọ tí kò lè mí dáadáa wá sí ojú fèrèsé. Akọ̀wé wa ń tẹ orúkọ ọmọ náà, kò rí nǹkan kan. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò tíì ṣí," ló ń sọ. Dókítà ò mọ oògùn tí ara ọmọ náà kọ̀, ó ní láti dúró. Ọmọ náà dákú kó tó yè, ọpẹ́ ni.

Èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí ọ̀gá bi mí, mo ní akọ̀wé ló tẹ ohun tí kò yẹ. Akọ̀wé náà wà níbẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Lánàá mo sọ òótọ́ fún ọ̀gá, mo sì lọ sílé akọ̀wé. Ó ní, "Mo ti gbà pé èmi ni o. Kọ̀ǹpútà ọmọ mi gan-an, mi ò lè fọwọ́ kàn án mọ́." Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jáde kóun tó da omi sí mi lára. Mo sáré jáde, ara mi fúyẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè máa jẹ́wọ́ àṣìṣe yín. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi lónìí. Ó bọ́, kò bọ́, màá sùn. Àbúrò mi akọ̀wé, ìwọ tí ọ̀gá pè padà síṣẹ́ láàárọ̀ yìí, dárí jì mí. Jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ. Ọwọ́ rẹ ò ṣe nǹkan kan.