Kọ́kọ́rọ́ Etí Ìró Àǹtí Mi

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Kò sẹ́ni tó ń wá wò mí nínú yàrá ẹ̀wọ̀n yìí. Ẹnì kan ṣoṣo tí ì bá máa wá, èmi ni mo pa á.

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí Sìkírá. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà ní Kétu. Iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n fi rán mi lọ sí yunifásítì, mo sì kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì. Nígbà tí mi ò ríṣẹ́, mo lọ ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12. Ẹ̀yìn ń ro mí. Wàídì, tá a jọ ń já ẹrù, na kóró tramadol sí mi.

"Kẹ́mísírì, gbé e mì jàre! Àbí o fẹ́ ka ìwé ara páálí ẹ̀ ni?"

Mo gbé e mì. Ìrora lọ lóòótọ́; mi ò ní parọ́. Àmọ́ nígbà tó yá, mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìlò ó. Oorun ò kùn mí mọ́, ni mo bá fi oògùn oorun kún un.

Nígbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Àǹtí tì mí mọ́lé kí n má baà rí oògùn rà mọ́, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró wọn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ara mi ń gbọ̀n."

"Jẹ́ kó máa gbọ̀n. Torí tìẹ ni mo ṣe ń gbààwẹ̀ lọ́dún yìí. Lọ po ògì tí mo máa fi ṣínu, ìyẹn náà kẹ́mísírì ni."

Mo lọ oògùn oorun tí mo ti fi pamọ́ sínú ògì náà. Kí wọ́n ṣáà ti sùn, kí n rí kọ́kọ́rọ́ mú. Iye tí èmi máa ń lò ni mo lò, torí kì í ṣe mí ju kí n tòògbé lọ. Mi ò rò ó pé ara tèmi ti mọ́ ọn, pé ikùn tiwọn sì ti ṣófo láti àárọ̀.

"Ó dùn lónìí," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run á wò ẹ́ sàn."

Wọ́n sùn lọ. Bí mo ṣe ń tú kọ́kọ́rọ́, mo gbọ́ bí èémí wọn ṣe ń há. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Nọ́ọ̀sì kan ń gbé lódìkejì títì. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ ra oògùn tèmi, kí n tó pè é.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti tutù.

Lọ́yà mi sọ fún adájọ́ pé oògùn ló ṣe é. Mo ti gbé e yẹ̀ wò. Oògùn lé mi dé ìdí kọ́kọ́rọ́ lóòótọ́, àmọ́ etí mi gbọ́ èémí yẹn, ẹsẹ̀ mi ló sì gba iwájú ilé nọ́ọ̀sì kọjá.

Ìrọ̀lẹ́ ló ń nira jù níbí. Bí wọ́n bá ti pe ìrun, ọwọ́ mi á máa wá ẹni tí yóò po ògì fún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní sọ pé kóró àkọ́kọ́ ló ń pa èèyàn. Ẹ ti rí àwọn tó lò ó tí wọn ò kú. Àmọ́ kóró yẹn ló kọ́ mi láti máa sọ pé "kí n kọ́kọ́ lọ ra tèmi." Ẹ má gbé e mì. Bẹ́ ẹ bá sì ti gbé e mì, tí ẹni tó fẹ́ràn yín tì yín mọ́lé, ẹ dákun, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un.