Kókó Okùn Ọ̀kẹ́rẹ́

Dókítà ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó lọ jókòó, mo ti dákẹ́ jù. Òní ni òtítọ́ máa jáde lẹ́nu mi, bí ẹ̀mí ò bá tiẹ̀ tẹ̀lé e. Àbúrò mi, fa àga mọ́ra. Télọ̀, ìwọ náà súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má tíì káàánú mi o. Èmi ni mo pa Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ẹ mọ̀ pé wẹ́dà ni mí, èmi ni mo sì ń tọ́jú àwọn irin tá a kàn mọ́ ojú àpáta, tí àwọn agunpáta ń so okùn wọn kọ́. Kí àjọ̀dún àpáta gígun wa tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, màá fi òòlù gbá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún ketekete, mo fi ọ̀dà funfun sí i lára. Èyí tó bá dún bí igi, mo yọ ọ́ dànù. Ọ̀dà yẹn làwọn ọmọ ń wò kí wọ́n tó gbé ẹ̀mí wọn lé irin.

Lọ́dún tí Ọ̀kẹ́rẹ́ kú, onílẹ̀ tí àpáta wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ ń wá ẹ̀sùn sí wa lẹ́sẹ̀. Torí ẹ̀ la ṣe ń ṣa ìdọ̀tí, tá a ń tún ọ̀nà ṣe, kó lè rí i pé a mọ nǹkan tọ́jú. Ó ní, "Wẹ́dà, bí irin kan péré bá bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ ò ní gba ilẹ̀ mi kọjá mọ́." Láàárọ̀ àjọ̀dún, irin tó wà lókè pátápátá dún bí igi. Onílẹ̀ ń wò mí láti ìsàlẹ̀. Mo fi ọ̀dà sí i. Mo ní táwọn àlejò bá lọ tán, màá pààrọ̀ ẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí!

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló gun ibẹ̀, ọmọ àbúrò mi yìí, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́. Télọ̀ ló di okùn rẹ̀ mú nísàlẹ̀, òun náà ló sì yẹ kókó tó wà níbàdí rẹ̀ wò kó tó gòkè. Irin yẹn tú, ọmọ náà, irin àti okùn jọ já bọ́. Télọ̀ fi igbe bọnu, ó sáré lọ wá mọ́tò. Ó wá ku èmi àti ọmọ náà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò tíì kú. Ó ní, "Bàbá, irin ló tú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá Télọ̀ wí o." Mo ní, "Dákẹ́, ọmọ mi, wọ́n ń bọ̀." Mò ń fọwọ́ pa á lórí, mo sì ń tú kókó okùn kúrò lára bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ń wò mí. Ó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ju irin sápò. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú, mo sì ti sọ fún gbogbo èèyàn pé Télọ̀ ò yẹ kókó wò, pé kókó ló tú tí okùn fi kù lókè, pé èmi ni mo fà á bọ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo kan irin tuntun sójú ihò rẹ̀. Onílẹ̀ ní irin wa ò lábùkù. Kò ti ọ̀nà. Wọ́n tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi!

Àbúrò mi, o bi mí bóyá ọmọ rẹ sọ nǹkan kan kó tó lọ. Mo ní kò sọ nǹkan kan. Irọ́ ni. O ti gbọ́ ọ báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń gun àpáta, tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ má gba ọ̀dà ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ fọwọ́ ara yín gbá irin yín.

Télọ̀, láti ọjọ́ náà lo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, tí o ń sunkún pé, "Ẹ forí jì mí, bóyá mi ò wò ó dáadáa." O wò ó dáadáa. Kókó yẹn le débi pé èékánná mi ya kí n tó rí i tú. Jọ̀ọ́, forí jì mí.