Àpáta Tí Bàbá Kí

[Diane ló pè láti Soclogbo. Modeste, àbúrò rẹ̀, wà ní Kútọnù.]

DIANE: Allô! Modeste! Sonia ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?

MODESTE: A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ilé. Bàbá ńkọ́—

DIANE: Bàbá ní kí o dá Sonia padà fún bàbá rẹ̀.

MODESTE: Kí lẹ wí?

DIANE: [afẹ́fẹ́ ń fẹ́] Ṣé o gbọ́ mi? Ó ní Bàbá Sonia rí òun fín. Òun pàdé e lọ́nà oko, òun dọ̀bálẹ̀ gbalaja, òun bèèrè iṣu, òun bèèrè ewúrẹ́. Kò tilẹ̀ hùn!

MODESTE: Bàbá Sonia? Èèyàn jẹ́jẹ́ yẹn?

DIANE: Ọjà Glazoué ló wà lọ́jọ́ náà. Gbogbo ayé rí i.

MODESTE: Ta wá ni Bàbá kí?

DIANE: Àpáta.

MODESTE: Ẹ ní—?

DIANE: Àpáta ńlá ìdí máńgòrò! Àwọn àgbà lọ wò ó. Wọ́n ní kí Bàbá Sonia ṣáà bẹ̀bẹ̀, torí orí ilẹ̀ rẹ̀ ni àpáta wà.

MODESTE: Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Ó bẹ̀bẹ̀?

DIANE: Ó gbé àkùkọ wá, funfun báláú. Bàbá dá a padà, ó ní òun kì í gba adìyẹ dúdú.

MODESTE: Ẹ̀gbọ́n, ojú Bàbá ni! Ṣé ó ṣì ń mu omi bí ẹni jẹ iyọ̀?

DIANE: Ìkòkò kan lójúmọ́. Ó ń tọ̀ ṣáá, ó ti rù. A ní ọjọ́ orí ni.

MODESTE: Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ní kó ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́?

DIANE: Ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ ẹní. Ó ní àtọ̀gbẹ kì í ṣe àìsàn àgbẹ̀, òun kì í kúkú fi ṣúgà mu ẹ̀kọ.

MODESTE: Mais non! Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀gá mi nìyẹn, wọ́n ń fà á lọ́wọ́ rìn báyìí. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí, kí ìríran tó kù má baà lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DIANE: Mo gbọ́. Zem tí yóò gbé e lọ síbẹ̀ ti dúró níta, alùpùpù ń rú èéfín. Bàbá ní òun ò gùn ún, àfi kí àna òun kọ́kọ́ dá òun lóhùn.

MODESTE: Ẹ sáré pè é!

DIANE: Mo ti ránṣẹ́, kò tíì— Dúró. Bàbá ti jáde. Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.

[Nǹkan balẹ̀ gbì. Ohùn arúgbó: “Àna mi, ẹ kú ọ̀sán o. Iṣu ńkọ́? Ewúrẹ́ ńkọ́?”]

MODESTE: Ẹ̀gbọ́n! Kí ló ṣubú?

DIANE: [ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́] Modeste… Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún mi.

MODESTE: Yéè!

DIANE: Èmi ọmọ rẹ̀—

MODESTE: Ẹ dá a lóhùn! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ dá a lóhùn kó lè gun zem! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DIANE: [ó mú ohùn rẹ̀ ki bí ti ọkùnrin, ẹkún wà nínú rẹ̀] Ẹ… ẹ kú ọ̀sán, àna mi. Iṣu wà. Ewúrẹ́ ti bí—

[Ìlà já.]