Bàtà Tí Ìyá Àgbà Bọ́ Fún Mi

Nígbà ìjọba òyìnbó, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Àgbádárìgì bọ̀.

Àbúrò ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé àwa Aládùúrà kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Mo bá bọ́ tèmi sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kì í ṣe ti Aládùúrà, tí mo yà sí ní Àgbádárìgì. Àṣé gbogbo àwọn ará ibẹ̀ ló wọ tiwọn! Ìyá àgbà kan wo ẹsẹ̀ mi, ó rò pé n kò ní bàtà. Ó bọ́ tirẹ̀, ó ní, 'Ọmọ mi, máa wọ̀ ọ́ lọ.'"

"O ò ṣàlàyé fún un?"

"Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́."

"Tìrẹ wá ńkọ́?"

"Mo yọ́ mú un, ó wà nínú agbọ̀n yìí. Ẹsẹ̀ lásán ni ìyá yẹn fi tẹ yanrìn gbígbóná lọ sílé, ó tún ń juwọ́ sí mi."