Mo Kọ Ọ́ Sí Pépà Pé Mo Yí Bàbá Padà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá èèyàn lóhùn lójú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ń lé mi kiri. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá ń jẹun, màá rántí. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí mo ti fi í pamọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ìpàtà lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ ọ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á.

Ọsibítù kékeré kan nílùú Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì gidi, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n gbà mí nítorí àwọn bàbá àgbà tí kì í fẹ́ kí obìnrin wẹ̀ wọ́n.

Sístà, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wa, ló kọ́ mi. Ó ní aláìsàn tí kò lè yíra padà, wákàtí méjì-méjì ni kí a máa yí i: ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó ní kí a má wọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí wíwọ́ máa ń bó awọ àgbàlagbà. Èèyàn méjì ni kó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì gbé e. Kí a ki ìrọ̀rí sáàárín orúnkún. Kí a máa wo ìdí àti gìgísẹ̀ lójoojúmọ́. "Ibi tó bá pọ́n, má fọwọ́ ra á o, má fi nǹkan bò ó, wá pè mí." Bí a bá yí i tán, a ó kọ aago sí pépà tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n gbé bàbá kan wá tí rọpárọsẹ̀ mú. Fìlà ni wọ́n ń rán kí àìsàn tó dé. Ọmọ wọn obìnrin, Sífáwù, ló ti ń tọ́jú wọn nílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Mo wo ẹ̀yìn àti ìdí wọn dáadáa. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Bàbá kì í fẹ́ kí a yí wọn. Egungun ìbàdí ń dùn wọ́n. Bí mo bá ti sún mọ́ wọn, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, fi mí sílẹ̀ díẹ̀, Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ọwọ́ ẹ." Màá ṣe àmín, màá fi wọ́n sílẹ̀. Mo ń pè é ní àánú. Ṣùgbọ́n kí n má tún parọ́ níbí: kì í ṣe àánú nìkan. Ẹni tó yẹ kó bá mi gbé wọn máa ń pẹ́ dé, mo sì máa ń ya ọ̀lẹ láti lọ pe ẹlòmíì. Bọ́ọ̀lù sì wà lórí fóònù mi.

Bí mo bá ti dé láàárọ̀, màá ti kọ gbogbo aago ọjọ́ náà sí pépà tán. Mẹ́jọ, òsì. Mẹ́wàá, ẹ̀yìn. Méjìlá, ọ̀tún. Bàbá á sì wà lórí ẹ̀yìn títí wọ́n á fi pe ìrun alásárì.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo rí i pé ìdí wọn ti pọ́n. N kò pe Sístà. Mo da páúdà sí i. Ìgbà tí Sístà fúnra rẹ̀ fi máa ṣí aṣọ, egbò ti jinlẹ̀.

Alhaji, ẹ̀gbọ́n Sífáwù, àti Sífáwù fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Sístà wo pépà mi, kò sí aago kan tó fò. Ó bi mí pé, "Báwo ni ìdí wọn ṣe rí lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wẹ̀ wọ́n?"

Mo ní ó ti pọ́n láti ilé.

Alhaji yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Sífáwù, ṣé o jẹ́ kí bàbá máa jẹrà lórí ẹní ni? Ìwọ tó o ní kò sẹ́ni tó lè tọ́jú wọn tó ẹ!"

Sífáwù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni." Ó ń sunkún. Mo gbé abọ́ omi, mo jáde.

Nígbà tí bàbá kúrò lọ́dọ̀ wa, ilé Alhaji ni wọ́n gbé wọn lọ. Alhaji ní Sífáwù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra ẹ̀wà ní Ìpàtà. Mo gbọ́ "Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì!" Sífáwù ni, ìsọ̀ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tọ́jú bàbá òun. Ó ní egbò náà kò tíì jiná tán. Ó ní bàbá ń bèèrè òun lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé Alhaji kì í jẹ́ kí òun kọjá pálọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, bóyá Alhaji á gbà fún mi."

Ìdajì àpò ẹ̀wà kan wà nílẹ̀. Òun ni mo fi kọ́ ọ. A tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀, ó di etí kan mú, mo di ìkejì mú, a gbé e, a kò wọ́ ọ. Ó ṣe é dáadáa jù mí lọ. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àṣé àìmọ̀ mi ló dá egbò sí bàbá mi lára." Ó wá ṣe àdúà fún mi: "Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ọwọ́ yín." Àdúà bàbá rẹ̀ gan-an.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo san owó ẹ̀wà mi, mo lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, ṣé Alhaji ni tàbí Sístà? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé Alhaji á ní Sífáwù ló bẹ̀ mí kí n wá gba ẹ̀bi rù. Pépà yẹn ṣì wà ní ọsibítù, ọwọ́ mi ló kọ ọ́, òun ni wọ́n á gbà gbọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ọwọ́ ara mi jiyàn?

Ẹ má kàn ní kí n máa tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Mò ń tọrọ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Bàbá ti dàgbà, Sífáwù ni wọ́n sì ń bèèrè.